Ìgbátí kì í wo akólòlò

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Mo ka lẹ́tà bàbá kan nínú ìwé ìròyìn yín, tó ní ọmọkùnrin òun, ọmọ ọdún 4, ń díbọ́n kólòlò ni. Ẹ̀rí rẹ̀ ni pé bí ọmọ náà bá ń kọrin, ọ̀rọ̀ a máa já geere lẹ́nu rẹ̀. Ó ní ìgbátí lòun fi ń wò ó.

Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí, mo mọ ohun tó rí. Akólòlò lè kọrin, ó lè bá gbogbo kíláàsì kàwé pọ̀ láì há níbì kankan. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ẹ ní kí òun nìkan dìde kó dárúkọ ara rẹ̀, ẹ ó rí i bí ètè rẹ̀ á ṣe lẹ̀ pọ̀.

Ìkíni ló wá ń dà wọ́n láàmú jù. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá há, ọmọ á yà sí òmíràn, ṣùgbọ́n kí ni yóò fi pààrọ̀ "Ẹ káàárọ̀ mà"? Ó ti dọ̀bálẹ̀, "Ẹ... Ẹ... Ẹ ká..." ló ń bá yí, àlejò ti kọjá, ó ti ní wọn ò kọ́ ọ nílé. Ìtìjú á mú ìyá rẹ̀, á jágbe mọ́ ọn: "Sọ ọ́ jáde jàre!" Láti ìgbà náà, bó bá ti gbúròó àlejò, yàrá ló ń sá wọ̀.

Láàárín ọmọ ọdún 2 sí 5 ni kíkólòlò sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Bí ọmọ 5 nínú 100 ló ń bá, ọkùnrin ju obìnrin lọ, ó sì máa ń tọ ìran. (Kí bàbá yìí bi ìyá rẹ̀ bí òun náà ṣe sọ̀rọ̀ ní kékeré.) Bíi 3 nínú 4 ló ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Òbí kọ́ ló fà á, sínsín akólòlò jẹ náà kọ́. Ìbẹ̀rù ló ń mú un le sí i.

Ẹ jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ẹ má bá a sọ ọ́. Ẹ̀yin gan-an, ẹ rọra máa sọ̀rọ̀. Bó bá ti ń lọ bí ọdún kan, tàbí tó ń fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ọ̀rọ̀ tó jáde, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Ìbàdàn, kí ẹ béèrè onímọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sísọ.

Olóòtú, ẹ dákun, ẹ yé tẹ àwàdà akólòlò sí ojú ewé ẹ̀yìn. Àwọn ọmọ ń kà á sókè ní kíláàsì, wọ́n sì mọ ẹni tí wọ́n ń wò bí wọ́n bá ń kà á.

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ kan, Ìbàdàn