Ẹ̀yin Ọmọ Mi, Níbo Lẹ Máa Kó Oúnjẹ Náà Sí?

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Mo ń gbọ́ pé púpọ̀ nínú yín fẹ́ ra ilẹ̀ lọ́nà Ìlobù àti lọ́nà Ìkìrun, kí ẹ gbé sólà sórí òrùlé, kí ẹ máa jẹ ohun tí ẹ fọwọ́ ara yín gbìn. Inú mi dùn sí i. Láti 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, gbogbo wa la mọ ohun tí ojú ń rí ní Ọjà Ọba. Ṣùgbọ́n n ò tíì gbọ́ kí ẹnì kan nínú yín béèrè ohun tí ẹ máa jẹ nínú oṣù kẹta, nígbà tí òjò ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí oko ò sì ní nǹkan kan.

Èmi náà ò béèrè. Lọ́dún tí owó oṣù mi dá, mo gbin àgbàdo, ó sì yọmọ dáadáa. Mo kánjú, mo rọ ọ́ sápò nígbà tí kò tíì gbẹ tán. Lẹ́yìn oṣù méjì tí mo tú àpò náà, ooru ló kọ́kọ́ rú sí mi lójú. Mo kiwọ́ bọ̀ ọ́, ìyẹ̀fun àti kòkòrò ni mo bù jáde. A dà á nù pátá. Májèlé wà nínú àgbàdo tó bá ti bu. Adìẹ pàápàá, ẹ má fún un jẹ.

Bẹ́ẹ̀ ojú mi ni ìyá mi ṣe ń so tirẹ̀ rọ̀ sókè ààrò, kí èéfín máa fín in. Á fi eyín gé hóró kan wò. Bó bá dún kàù, ó gbẹ. Bó bá tẹ̀ lábẹ́ eyín, a tún máa sá a ni.

Ní ti ẹ̀wà, ẹ má da oògùn kòkòrò sí i, mo bẹ̀ yín. Kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, tó gbẹ ni kí ẹ wá, kí ẹ rọ ẹ̀wà gbígbẹ kún un dẹ́nu, kí ẹ dé e pinpin. Kòkòrò inú rẹ̀ ò ní rí afẹ́fẹ́ mí, á kú.

Bó bá jẹ́ èmi ni, ẹ̀gẹ́ ni màá fi bẹ̀rẹ̀, torí inú ilẹ̀ ni àká rẹ̀ wà. Ẹ gé igi olójú márùn-ún, ẹ fi mítà kan sáàárín ìdí kan sí èkejì. Bó bá pé bí ọdún kan, ẹ máa hú u díẹ̀díẹ̀. Ẹ má hú ju èyí tí agbára yín ká láti rin, torí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ló ti ń dúdú nínú.

Kànga yín, ẹ jẹ́ kó fi 30 mítà jìnnà sí ṣalángá, ó kéré tán. Ẹ má sì gbójú lé odò Ọ̀ṣun fún ewébẹ̀. Àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti sọ omi náà di pípọ́n, ó sì ń dun èmi tí mo lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀ lọ́mọdé. Sólà kékeré tó lè tan gílóòbù mẹ́ta ti tó ná.

Òjò àkọ́rọ̀ ò ní pẹ́ dé. Ẹni tó bá fẹ́ igi ẹ̀gẹ́, kó wá gé lóko mi, n ò ní gbowó. Kó mú àdá dání.

Èmi ni bàbá yín, ní Òṣogbo.