Àṣàkẹ́, ta ní sọ fún ọ pé irọ́ ni?

Àjàṣẹ́ Ilé (Porto-Novo)

Àṣàkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

O kú àtìpó o. Ṣé àlàáfíà ni o wà ní Libreville? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Gbogbo wa wà níbí. A ò ní ẹjọ́ rò ju ti òjò tó sọ ọ̀nà Ouando di ẹrẹ̀.

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ibì kan wà nínú rẹ̀ tó bí mi nínú, jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi tó rọ̀. O ní o ò ka ìtàn àròsọ mọ́, pé irọ́ ni àwọn obìnrin òǹkọ̀wé yìí jókòó pa, pé ìwé tí èèyàn bá ti ń fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìgbésí ayé ara rẹ̀ nìkan lo lè gbà gbọ́. Hẹn-ẹn! Ìwọ tí o gbọ́n jù wá lọ ní lìsé!

Tèmi ni pé obìnrin tó bá ń sọ ti ara rẹ̀ ní gbangba kì í lanu tán. Ọkọ wà láyé, ìyá ọkọ wà láyé, àwọn ọmọ á dàgbà, wọ́n á kà á. Ṣùgbọ́n bó bá lè pe ara rẹ̀ ní orúkọ mìíràn, á sọ gbogbo ẹrù náà kalẹ̀.

Wo Mariama Bâ, òǹkọ̀wé ọmọ Senegal. Ọdún 1979 ni ìtàn àròsọ rẹ̀, Une si longue lettre, jáde, ó gba ẹ̀bùn Noma, tí wọ́n fi yẹ́ ìwé ilẹ̀ Áfíríkà sí, ní 1980, ó sì kú ní 1981 kí ìwé rẹ̀ kejì tó jáde. Obìnrin méjì ni ọkọ oníkálukú wọn fẹ́ ìyàwó lé nínú ìwé yẹn. Aïssatou kó ọmọ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Ramatoulaye, ọlọ́mọ méjìlá, jókòó. Mariama Bâ fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mẹ́sàn-án ló bí, òun àti ọkọ rẹ̀ sì túká. Ṣé o rí i? Ẹni tó lọ ló fi ẹnu ẹni tó dúró kọ̀wé! Ká ní ìgbésí ayé tirẹ̀ ló sọ, ìdí tó fi lọ nìkan la ò bá gbọ́. Ìtàn àròsọ ló jẹ́ kó wọnú ilé obìnrin tí kò lọ, kó bá a ṣàìsùn, láì dá a lẹ́jọ́.

Ibi tí mo máa ń padà sí ni ti ọjọ́ òkú ọkọ Ramatoulaye. Àwọn àbúrò ọkọ jókòó ti àwọn opó méjèèjì, òun àti Binetou ìyàwó kékeré, wọ́n ń tú irun fún wọn: bí wọ́n ṣe ṣe fún ẹni tó lo ọgbọ̀n ọdún nílé ọkọ náà ni wọ́n ṣe fún ẹni tó lo márùn-ún. Wá wo ti owó! Wọ́n ń kọ iye tí oníkálukú mú wá sínú kàyé, torí gbèsè ni, wọ́n á san án padà lọ́jọ́ tí òkú bá kú nílé tiwọn. Senegal ló ń sọ o, kì í ṣe Àjàṣẹ́. Síbẹ̀ mo rí tábìlì yẹn, mo rí aṣọ tí wọ́n tẹ́ lé e, mo rí bàbá tó ń fi itọ́ tọ́ ìka kó tó ṣí ewé kàyé. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ̀gbọ́n ọkọ dé, ó fẹ́ ṣú Ramatoulaye lópó. Ẹnu gbígbóná tí ó fi kọ̀ ọ́, mélòó nínú wa ló máa fi orúkọ ara rẹ̀ tẹ irú rẹ̀ jáde nígbà tí ẹbí ọkọ ṣì ń bẹ?

Mo máa ń sọ ìwé náà lédè wa fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí aṣọ rírán bá dẹwọ́. Èyí tó kéré jù nínú wọn, tí kì í sọ̀rọ̀, ló bi mí pé, "Màmá, Binetou ńkọ́? Kí ni òun náà wí?" Mi ò rí èsì fún un. Binetou, ọmọ ilé-ìwé, ọ̀rẹ́ ọmọ Ramatoulaye, tí ìyá rẹ̀ tì sọ́wọ́ bàbá ọ̀rẹ́ rẹ̀ torí kí ayé lè dẹ̀ wọ́n lára. Ẹlòmíràn ló ń sọ̀rọ̀ lé e lórí látòkèdélẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo bá Mariama Bâ jà lé lórí nìyẹn, kì í sì í ṣe ohun kékeré.

Ken Bugul ló sún mọ́ èsì. (Ọmọ Senegal lòun náà, àmọ́ ó bá wa gbé ní Àjàṣẹ́ níbí.) Le Baobab fou, 1982, ìgbésí ayé rẹ̀ gan-an ni: ìyá tó fi í sílẹ̀ ní kékeré, Bẹ́ljíọ̀mù, oògùn olóró, ọkùnrin lóríṣiríṣi. Òótọ́ pọ́ńbélé tí o ń wá nìyẹn, àbí? Síbẹ̀ àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ní kó má fi orúkọ rẹ̀ síwájú ìwé. Báyìí ni Mariètou Mbaye ṣe di Ken Bugul. Òótọ́ tí ò lè jẹ́ orúkọ ara rẹ̀, ibo lo fẹ́ gbé e sí?

Ó wá kọ Riwan ou le chemin de sable ní 1999. Obìnrin tó ti rí Yúróòpù tán padà sílé, ó lọ di ìyàwó kejìdínlọ́gbọ̀n fún Serigne kan (aṣáájú ẹ̀sìn Mùsùlùmí) ní abúlé, ó sì ní òun rí ìsinmi níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀ láyé! Mo kọ́kọ́ fẹ́ sọ ìwé náà nù. Ṣùgbọ́n ó gbé Rama, ọmọbìnrin tí bàbá rẹ̀ fi ta Serigne lọ́rẹ, sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ẹni tó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wọlé àti ẹni tí wọ́n fà wọlé, agbo ilé kan náà. Mo ka ìyẹn fún ọmọ iṣẹ́ mi. Kò sọ nǹkan kan, ó kàn ní kí n tún un kà.

Buchi Emecheta, òǹkọ̀wé ọmọ Nàìjíríà, ṣe méjèèjì ní tirẹ̀. Ó fi Adah bojú nínú Second-Class Citizen ní 1974, ọkọ Adah sì dáná sun ìwé tó ń kọ. Ìgbà tó yá ló tó fi orúkọ ara rẹ̀ sọ ti ọkọ tirẹ̀ nínú Head Above Water. Èwo ló kọ́kọ́ là á lóhùn?

Ti ilé wa náà wà o: ìtàn àròsọ Modukpè tí Adélaïde Fassinou, ọmọ Àjàṣẹ́, kọ ní 2000. Ọ̀dọ̀ ọmọ mi obìnrin ló wà, kò fẹ́ dá a padà.

Àbúrò ọkọ mi ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lẹ́yìn Iléyá. Màá fi Riwan rán an pẹ̀lú gàrí. Kà á tán kó o tó bá mi jà, má sì yá ẹnikẹ́ni, mo mọ̀ ọ́. Bí o bá rí ìwé tí obìnrin Gàbọ́ọ̀nù kan kọ níbẹ̀, rà á fún mi. Ìtàn àròsọ o!

Èmi ni,
Àbẹ̀kẹ́ rẹ