Orúkọ ta ló wà lórí ìwé àwọn ọmọ?

Leeds

Àǹtí mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú àwọn ọmọ. Owó ti wọ àkáǹtì yín láàárọ̀ yìí, ₦180,000. Ó pẹ́, mo mọ̀, wọ́n dín wákàtí iṣẹ́ wa kù ni. ₦110,000 jẹ́ ti ilé-ìwé àwọn ọmọ mi méjèèjì, Bísọ́lá àti Káyọ̀dé, ìyókù fún oúnjẹ àti fọ́ọ̀mù JAMB Bísọ́lá. Láti sáà tó ń bọ̀, èmi fúnra mi ni màá máa san owó ilé-ìwé sí àkáǹtì wọn tààrà. Ẹ má rò pé n kò fọkàn tán yín.

Ẹ ní ìgbà wo ni mo máa kó wọn wá. Láti ọjọ́ 11 oṣù kẹta ọdún 2024, ẹni tó bá gba físà tuntun láti wá tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú ọba níbí kò lè mú ọmọ wá mọ́. Ẹ̀yìn ọjọ́ yẹn ni tèmi bọ́ sí. Ẹni tó ń sọ fún yín pé lágbájá ti kó tirẹ̀ wá, ẹ bi í pé ọdún wo ni lágbájá dé. Àwọn nọ́ọ̀sì ṣì lè kó tiwọn, ọ̀nà yẹn ni mo sì ń lé. Ṣùgbọ́n Bísọ́lá kò gbọdọ̀ tíì pé 18 kí a tó kọ̀wé fún un, ó sì ti pé 16.

Bàbá wọn wà láyé, ibi tó wà ni a kò mọ̀. Nítorí náà, mo ní láti fi han àwọn tó ń fúnni ní físà pé èmi nìkan ni mò ń ṣe ìpinnu ńlá lórí wọn. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò tó ẹ̀rí. Wọ́n á wo ẹni tó fọwọ́ sí ìwé ní ilé ìwòsàn, ẹni tí ilé-ìwé ń kọ̀wé sí, ẹni tó yan Science tàbí Art fún ọmọ. Tí gbogbo rẹ̀ bá ń jẹ́ orúkọ yín, wọ́n á ní ọ̀dọ̀ yín lọmọ wà, kó dúró síbẹ̀. Ta ló wá ní kí wọ́n kọ orúkọ yín síbi òbí lórí káàdì Káyọ̀dé? Alágbàtọ́ ni kí wọ́n kọ, kí orúkọ mi àti nọ́ńbà WhatsApp mi wà lókè.

JAMB náà ńkọ́? Láìnì Bísọ́lá ni kí ẹ lò, ẹ má lo tiyín. Kó tẹ lẹ́tà NIN, kó fi àyè kan sílẹ̀, kó tẹ nọ́ńbà ìdánimọ̀ tirẹ̀ tó jẹ́ dígíìtì 11, kó fi ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Kó rí i pé owó wà lórí fóònù. Kóòdù tó bá wọlé ló máa mú lọ forúkọ sílẹ̀, láìnì yẹn náà ló sì máa fi wo èsì. Ọmọ méjì kì í lo láìnì kan, Ṣadé ọmọ yín sì fẹ́ ṣe é lọ́dún yìí. Orúkọ àti ọjọ́ ìbí tó wà lórí NIN ni JAMB ń fà jáde, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ti WAEC bá a dọ́gba, títí kan sípẹ́lì. Orúkọ bàbá Ṣadé kò gbọdọ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ọmọ tí kò tíì pé 16, NIN òbí tàbí alágbàtọ́ ni wọ́n ń so tirẹ̀ mọ́. NIN ta lẹ fún wọn fún Káyọ̀dé?

Ní ti pé Bísọ́lá ń pẹ́ wọlé, ẹ bá a wí, ẹ̀yin náà ni ìyá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀, òun nìkan ni mo fi ń rójú ọmọ mi. Ẹ má sì sọ fún un mọ́ pé n kò ní fowó ránṣẹ́ tó bá ṣe ìṣekúṣe. Ó ti bi mí bóyá òótọ́ ni. Láti ìparí oṣù kẹwàá, ẹ ó fi wákàtí kan ṣáájú wa, nítorí náà kó máa pè mí láago mẹ́sàn-án alẹ́ ibẹ̀. Kí ó tó di mẹ́jọ ti ibí, mi ò tíì délé.

Ẹ ya ìwé ìbí àwọn méjèèjì ránṣẹ́ sí mi lọ́sẹ̀ yìí, èyí tí NPC, àjọ tó ń ka ènìyàn, fún wa, kì í ṣe ti ilé ìwòsàn. Inú báàgì dúdú tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì yín ló wà, àfi tí ẹ bá ti gbé e kúrò.

Àbúrò yín,
Fúnmi