Yíyọ irọ́ kúrò lójú ewé nìkan kò tó

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn nípa ìwé ìmọ̀ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí, irú Wikipedia. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló gbà pé bí ẹnìkan bá kọ èébú tàbí irọ́ síbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì dá ojúewé náà padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, ọ̀ràn ti parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tí wọ́n yọ ṣì wà nínú ìtàn àtúnṣe, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo àyípadà tó ti bá ojúewé náà, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè kà á, tòun ti ọjọ́ àti wákàtí tí wọ́n kọ ọ́.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ sí John Seigenthaler, akọ̀ròyìn Amẹ́ríkà. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2005, ẹnìkan tí kò forúkọ sílẹ̀ kọ ọ́ pé ìgbà kan wà tí wọ́n rò pé ọkùnrin náà lọ́wọ́ nínú ikú Ààrẹ John Kennedy àti ti àbúrò rẹ̀, Robert. Robert yìí kan náà ni Seigenthaler bá ṣiṣẹ́ pọ̀, ó sì wà lára àwọn tó gbé pósí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsìnkú! Irọ́ náà wà lójú ewé fún nǹkan bí oṣù mẹ́rin. Nígbà tí wọ́n sì fi òtítọ́ rọ́pò rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án, inú ìtàn àtúnṣe ló kù sí, títí di oṣù Kẹwàá tí Seigenthaler fúnra rẹ̀ fi kàn sí Jimmy Wales, ọ̀kan lára àwọn olùdásílẹ̀ Wikipedia, kí wọ́n tó fi í pamọ́.

Rọ́bọ́ọ̀tì, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà, tó ń ṣọ́ Wikipedia èdè Gẹ̀ẹ́sì máa ń tètè yọ èébú gbangba, ṣùgbọ́n irọ́ tí wọ́n fi èdè tó já gaara kọ, ènìyàn tó ń kà á ló lè mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, níbi tí àwọn olóòtú, ìyẹn àwọn tó ń kọ ojúewé tí wọ́n sì ń tún un ṣe, kò ti pọ̀, ó yẹ kí àtúnṣe tí ẹni tuntun bá ṣe sí ojúewé ẹni tó wà láàyè máa dúró de ẹni tí yóò yẹ̀ ẹ́ wò, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe fún gbogbo ojúewé nínú Wikipedia èdè Jámánì láti ọdún 2008. Èmi kò fara mọ́ ọn pé kí wọ́n ti ilẹ̀kùn àwọn ojúewé yòókù, torí ẹni tó wá tún ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣe lónìí lè di olóòtú gidi lọ́la.

Bí òǹkàwé bá sì rí nọ́ńbà fóònù, àdírẹ́sì ilé tàbí ẹ̀sùn tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ kó má pariwo rẹ̀ lójú ewé ìjíròrò, nítorí ariwo ló ń pe òǹwòran. Kó yọ ọ́ kúrò, kó sì fi tó àwọn alámòójútó létí ní ìkọ̀kọ̀, kí wọ́n lè fi í pamọ́ nínú ìtàn àtúnṣe pẹ̀lú.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín