Ìdí Tí A Fi Fẹ́ Gbájú Mọ́ Honda Nìkan: Ọ̀rọ̀ Sí Àwọn Oníbàárà Wa

Ẹ̀yin oníbàárà wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú ìnáwó epo, ẹ sì kú ojú ọ̀nà. Láti ìgbà tí a ti lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù wa ní Abẹ́òkúta níbí pé Honda nìkan la ó máa tún ṣe, ìbéèrè kan náà lẹ ń bi mí. Àwọn kan ní, "Ọ̀gá, ṣé Toyota kọ́ ló pọ̀ jù ní títì ni?" Òun ló pọ̀ jù lóòótọ́. Màmá kan tó ti ń gbé ọkọ̀ wá bá wa láti ọdún mọ́kànlá tiẹ̀ fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní ta ló ṣẹ̀ mí. Kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ mí, Mà. Mo fẹ́ fara balẹ̀ ṣàlàyé ni, torí owó yín wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ̀mí yín náà sì wà níbẹ̀.

Àwọn àgbà ní bí alágbẹ̀dẹ bá ń lu irin lójú kan, ó ní ohun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀. Òwe yẹn bá Honda mu gan-an, nítorí ọmọ alágbẹ̀dẹ ni Soichiro Honda tó dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Abúlé kan lágbègbè Hamamatsu ní ilẹ̀ Jàpáánì ni wọ́n ti bí i ní 1906. Gihei bàbá rẹ̀ ń rọ irin, ó sì ń tún kẹ̀kẹ́ ológeere ṣe. Ọmọdé ni Soichiro nígbà tí mọ́tò kọ́kọ́ wọ abúlé wọn. Ó sá tẹ̀ lé e títí ó fi dúró, ọ́ìlì sì kán sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó gbé imú lé ọ́ìlì yẹn, ó gbọ́ òórùn rẹ̀ dáadáa, ó sì fi í pa ọwọ́ pa apá. Èmi tí mo ti ń fi kẹrosíìnì fọ ọ́ìlì kúrò lọ́wọ́ láti ìgbà ọmọdé, mo mọ ohun tó ń ṣe ọmọ yẹn.

Ọmọ ọdún márùndínlógún ni nígbà tó lọ kọ́ṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan tó ń jẹ́ Art Shokai ní Tokyo, lọ́dún 1922. Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fún un ṣe: ilẹ̀ ló ń gbá, ọmọ ọ̀gá ló sì ń pọ̀n. Ọ̀pọ̀ oṣù kọjá kó tó fọwọ́ kan sípánà. Èmi náà, odidi ọdún kan ni mo fi ń tan tọ́ọ̀ṣì fún ọ̀gá mi, tí mò ń ra oúnjẹ ọ̀sán, tí mò ń mú àbúrò kékeré lọ síléèwé, kí wọ́n tó ní kí n wá tú bóòtì kan ṣoṣo. Ọdún mẹ́fà ni Soichiro lò kí ọ̀gá rẹ̀ tó yọ̀ǹda rẹ̀ ní 1928 pé kó lọ ṣí ẹ̀ka ṣọ́ọ̀bù náà sí Hamamatsu. Tí òbí bá mú ọmọ wá síbí láti kọ́ṣẹ́, tó ń ṣe bí ẹni tí ojú ń tì, ìtàn yìí ni mo máa ń sọ fún un.

Nígbà tó yá, ó ní ríǹgì písítìnì, irin róbótó kan tó wà nínú ẹ́ńjìnnì, lòun fẹ́ máa ṣe. Nínú àádọ́ta tó kó lọ fún Toyota, mẹ́ta péré ló yege. Ó padà síléèwé, ó jókòó ti àwọn ọmọ tí kò tó o lọ́jọ́ orí, ó kọ́ nípa irin títí ríǹgì rẹ̀ fi dáa. Ogun wá dé. Bọ́ǹbù ba ilé iṣẹ́ jẹ́, ìmìtìtì ilẹ̀ sì wó ìyókù ní oṣù kìíní ọdún 1945. Ó ta ohun tó kù fún Toyota.

Lẹ́yìn ogun, epo ṣọ̀wọ́n, ọkọ̀ ò sí, àwọn èèyàn ń gùn kẹ̀kẹ́ lọ jìnnà kí wọ́n tó rí oúnjẹ rà. Soichiro rí àwọn ẹ́ńjìnnì kékeré tí ológun fi ń fún rédíò wọn níná, ó so ọ̀kan mọ́ kẹ̀kẹ́. Abọ́ omi gbígbóná tí wọ́n máa ń gbé sórí ibùsùn láti fi mú ẹsẹ̀ móoru nígbà òtútù ló fi ṣe táǹkì epo. Sachi ìyàwó rẹ̀ ló gùn ún káàkiri ìlú láti dán an wò. Nígbà tí bẹntiróòlù ò tó, òróró tí wọ́n fún lára gbòǹgbò igi páìnì ló fi ń lú u. Ní 1948 ló sọ iṣẹ́ náà di kọ́ńpìnnì Honda. Ọdún kejì rẹ̀ ni Takeo Fujisawa dara pọ̀ mọ́ ọn: ọ̀kan gbájú mọ́ ẹ́ńjìnnì, èkejì gbájú mọ́ owó àti ọjà. Àwọn méjèèjì jọ fẹ̀yìn tì ní 1973 ni, Soichiro ò sì gbé àga náà fún ọmọ tó bí.

Alùpùpù Super Cub tí wọ́n gbé jáde ní 1958 ló sọ wọ́n di olókìkí. Nígbà tó fi máa di 2017, èyí tí wọ́n ti ṣe ti lé ní ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù. Ẹ ò sì ní láti lọ jìnnà kí ẹ tó rí ilé iṣẹ́ wọn: ó wà ní Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níbí. Alùpùpù ni wọ́n ń tò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, kó tó di pé wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Accord náà ní 2015.

Ṣùgbọ́n ibi tí Honda ti mú ọkàn mi ni ti 1970. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin ọdún náà pé èéfín olóró tó ń jáde nínú mọ́tò gbọ́dọ̀ dín kù débi pé ìdá kan nínú mẹ́wàá ni yóò ṣẹ́ kù. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá figbe ta pé kò ṣeé ṣe. Ilé iṣẹ́ tí kò tíì tó ọdún mẹ́wàá tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ló ṣe é. Wọ́n dá yàrá kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí epo ti ń jó, wọ́n sì gbé púlọ́ọ̀gì síbẹ̀. Epo tó ki ló ń wọ yàrá kékeré yẹn, èyí tí atẹ́gùn pọ̀ nínú rẹ̀ ló ń wọ yàrá ńlá. Bí ẹ bá ti rí ìyá tó ń dáná igi tútù, ẹ ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Kì í ṣáná sí igi tútù ní tààrà, ògùṣọ̀ ló máa ń kọ́kọ́ tàn sábẹ́ rẹ̀. Iná yàrá kékeré ni ògùṣọ̀ yẹn. Wọ́n pe ẹ́ńjìnnì náà ní CVCC, wọ́n gbé e sínú Civic, ọkọ̀ kékeré wọn, ó sì kúnjú òfin 1975 láìsí katalisì kankan, ìyẹn ohun tó ń fọ èéfín mọ́, lẹ́nu sàléńsà. Àwọn kan ní ọkọ̀ kékeré nìkan nìyẹn lè bá mu. Honda bá ra Chevrolet Impala tó tóbi gbàngbà, wọ́n gbé e lọ sí Jàpáánì, wọ́n pààrọ̀ orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sí irú tiwọn, wọ́n sì dá a padà fún àwọn Amẹ́ríkà kí wọ́n wọn èéfín rẹ̀. Òun náà yege.

Accord jáde ní 1976. Ní 1982 wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é ní Marysville, ní ìpínlẹ̀ Ohio, nígbà tó sì di 1989, òun ni ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tó tà jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Ìdí tó fi kún inú àwọn tòkunbọ̀ tó ń gúnlẹ̀ sí Èkó nìyẹn. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà nísàlẹ̀ gíláàsì iwájú ọkọ̀ yín lápá ọ̀dọ̀ dírẹ́bà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 1HG, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é. Bó bá jẹ́ JHM, láti Jàpáánì ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ti wa àwọn Accord tí a ń pè ní Bulldog, Baby Boy tàbí End of Discussion rí ò nílò kí n sọ bó ṣe ń rí lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ máa ń sọ fún mi pé tí ẹ bá fẹ́ fi eré sí i lójú ọ̀nà Ṣàgámù, ẹ máa ń gbọ́ kí ohùn ẹ́ńjìnnì yí padà, kó wá fò. VTEC nìyẹn, èyí tí Honda gbé jáde ní 1989. Eré díẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń ṣí fáfù, eré púpọ̀ ní tirẹ̀, píìnì kékeré kan ló sì ń sún láàárín méjèèjì. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ló ń ti píìnì yẹn. Nítorí náà, tí mo bá ń pariwo pé ẹ má jẹ́ kí ọ́ìlì yín dúdú bí èédú kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé owó yín ni mò ń wá.

Ó wá ku ti jíà, òun gan-an ló jẹ́ kí n lẹ ìwé mọ́ ẹnu ọ̀nà.

Ọdún kẹta lẹ́yìn tí mo gba fírídọ̀ọ̀mù, olùkọ́ kan gbé Baby Boy rẹ̀ wá fún sáfíìsì. Mo ra ọ́ìlì jíà lọ́wọ́ ẹnì kan tó ń wọ̀n ọ́n nínú dúrọ́ọ̀mù, torí pé ó pupa, ó sì rí bí ọ́ìlì jíà. Kò pé oṣù méjì, ọkọ̀ náà dé òkè, ẹ́ńjìnnì ń ké, ọkọ̀ ò lọ. Bọ̀dá yẹn sọ̀ kalẹ̀ nínú òjò pẹ̀lú ọmọ méjì. Èmi ni mo san owó jíà mìíràn, ó sì gba oṣù mẹ́jọ kí n tó san án tán. Mi ò gbàgbé ojú àwọn ọmọ yẹn títí dòní.

Ohun tí mi ò mọ̀ nígbà yẹn ni pé jíà ọ́tò Honda ò rí bíi ti àwọn yòókù. Nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ọ́tò, eyín jíà ń yí ara wọn po bí ọmọ tó ń ṣeré òṣùpá. Ti Honda tò sórí irin gbọọrọ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, bíi ti mánúà, kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú kílọ́ọ̀ṣì tirẹ̀. Ọ́ìlì tiwọn ni wọ́n ṣe fún un: Z1 láyé àtijọ́, DW-1 ló wá rọ́pò rẹ̀. Bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò náà yàtọ̀. Lórí Accord yín, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná títí fáànù yóò fi yí, ẹ pa á, kí ẹ sì fa ọ̀pá tí a fi ń wọn ọ́ìlì jíà yọ láàárín ìṣẹ́jú kan sí ìṣẹ́jú kan ààbọ̀. Ẹni tó bá fà á yọ nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́, bí wọ́n ti ń ṣe lára Toyota, irọ́ ni ọ̀pá yóò pa fún un. Tí a bá sì tú ọ́ìlì sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, èyí tó ń jáde kì í tó ìdajì, ìdí nìyí tí a fi ń tú u lẹ́ẹ̀mẹta. Honda náà ti ṣàṣìṣe: ní 2004, wọ́n pe ọkọ̀ tó lé ní mílíọ̀nù kan padà nítorí jíà, Accord V6 (èyí tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní sílíńdà mẹ́fà) ti 2003 àti 2004 sì wà lára wọn. Ẹ̀yin tí ẹ ní V6, ẹ má fi ọ̀rọ̀ jíà ṣeré rárá.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí, mẹkáníìkì tó ń tú oríṣi ọkọ̀ mẹ́wàá lọ́sẹ̀ ò lè rántí wọn tán. Èmi ò lè rántí wọn tán.

Èyí tó kù ṣe pàtàkì jù. Ẹ̀yin tí ẹ ní Accord tàbí Civic 2001 tàbí 2002, CR-V tàbí Odyssey 2002, tàbí Pilot 2003, èébàgì, àpò tó ń wú láti gba awakọ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, tí ilé iṣẹ́ Takata ṣe lè wà nínú síárìn yín. Oògùn tó ń mú un wú máa ń bàjẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin, irú ojú ọjọ́ tiwa gan-an. Tó bá bú, irin lè fọ́ sí wẹ́wẹ́ lọ bá awakọ̀ lójú àti lọ́rùn. Ní 2016, ìjọba Amẹ́ríkà kìlọ̀ pé nínú irú àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí, ó lè ṣẹlẹ̀ sí ọ̀kan nínú méjì tí èébàgì wọn bá bú. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń pààrọ̀ rẹ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n tòkunbọ̀ tó ti wọ ọkọ̀ ojú omi kí ẹnikẹ́ni tó pààrọ̀ tirẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ló gúnlẹ̀ sọ́dọ̀ wa.

Ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà abẹ́ gíláàsì yẹn, gbogbo rẹ̀ jẹ́ mẹ́tàdínlógún, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp tí ẹ ti ń lò. A ó yẹ̀ ẹ́ wò lórí íntánẹ́ẹ̀tì láìgba kọ́bọ̀. Tí wọn ò bá tíì pààrọ̀ rẹ̀, a ó tọ́ yín sọ́nà lọ bá àwọn aṣojú Honda. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú síárìn yẹn lẹ́bàá títì.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀ mìíràn, a ò ní lé yín. Àwọn tí a jọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà wà nínú ìlú tí wọ́n mọ Toyota àti Nissan dunjú. Èmi fúnra mi ni n ó mú yín lọ bá wọn, n ó sì dúró tì yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ tí a ti gba owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀, a ó parí rẹ̀ kí oṣù yìí tó tán. Láti ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀, aago méje ààbọ̀ àárọ̀ la ó máa ṣí, ọjọ́ Sátidé sì wà fún jíà nìkan.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Ọ̀gá mẹkáníìkì yín