Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ń ṣe kéèkì ní Kàbà

Àǹtí mi,

Ọ̀kún o. Bẹ́ ẹ bá wà láyé ni, ọ̀dọ̀ yín ni ǹ bá kọ́kọ́ gbé e dé kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu. Mo ti ṣe kéèkì orí igi, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní kéèkì pọ́pù. Òròmọdìyẹ ni mo fi ṣe, aláwọ̀ ìyeyè, wọ́n lójú, wọ́n lẹ́nu. Ọmọ aládùúgbò wa ló ń ṣọjọ́ ìbí, ìyá rẹ̀ ló bẹ̀ mí.

Ẹ ò bá irú rẹ̀ pàdé, ẹ jẹ́ n rò ó fún yín. Kéèkì yín náà ni: bọ́tà, ṣúgà, ẹyin, fláwà. Tó bá jinná tó sì tutù, ẹ ó fọ́ ọ wẹ́wẹ́, ẹ ó fi bọ́tà àti ṣúgà lúbúlúbú pò ó, díẹ̀ ni o, torí tó bá pọ̀ jù, kò ní dì mọ́ra. Ẹ ó wá ká a ní roboto, kí ẹ gbé e síbi tútù títí yóò fi le. Igi ni wàhálà ibẹ̀. Ṣokoléètì yíyọ́ la kọ́kọ́ ń ti orí igi bọ̀ ká tó gún un mọ́ kéèkì, ká fi sílẹ̀ kó gan. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tí ẹ bá ń rì í sínú ṣokoléètì kó lè bò ó, ṣe ló máa já sínú abọ́. Tí ẹ bá ti yọ ọ́, ẹ ó máa fi ìka lu ọrùn ọwọ́ tó di igi mú, jẹ́jẹ́, kí èyí tó pọ̀ jù kán sílẹ̀. Mi ò rí fóòmù tí mo lè gún wọn mọ́ rà, ni mo bá la iṣu kan sí méjì, mo da ojú rẹ̀ délẹ̀ lórí tírè, mo gún igi mọ́ ọn lẹ́yìn. Gbogbo wọn dúró ṣanṣan. Inú yín ì bá dùn sí ti iṣu yẹn.

Ṣokoléètì ò fẹ́ omi rárá. Tí omi bá ta sí i báyìí, á dì gbágungbàgun. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ tí a ń fi sí i fi gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n fi òróró pò. Bí mo ṣe ń fi aṣọ gbígbẹ nu abọ́, ohùn yín ni mo ń gbọ́. Ọ̀tá tiyín, ọ̀rá ni. "Ẹ fi òroǹbó wẹ́wẹ́ nù ún, kí ọ̀rá má kù síbẹ̀!" Torí funfun ẹyin kì í hó tí ọ̀rá bá kàn án. Ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ni mo ti gbọ́ ìyẹn, Àǹtí.

Ẹ rántí kéèkì alájà mẹ́ta yẹn. Èmi ni mo jí pọnmi. Èmi ni mo da yanrìn sínú ìkòkò ńlá, tí mo kó ẹ̀yinná sórí ìdérí, tí mo jókòó tì í títí tó fi jinná. Ìgbà tó kan ọ̀ṣọ́, ẹ pe àwọn ọmọṣẹ́ tó sanwó wọlé. Ẹ wojú mi, ẹ ní kí n lọ wo ẹ̀wà lórí iná, ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Kò sí ẹ̀wà lórí iná lọ́jọ́ náà. Mo dúró síbẹ̀, mò ń gbọ́ fọ́ọ̀kì lára abọ́.

Èmi, ọmọ ẹ̀gbọ́n yín! Mo ti rò ó síwá, mo ti rò ó sẹ́yìn. Bóyá ẹ ò fẹ́ kí àwọn tó sanwó rí ẹni tó ń kọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́. Bóyá bàbá mi ló ní ìwé ni kí n gbájú mọ́. Ẹ̀yin yìí náà lẹ ra bàtà iléèwé fún mi, ẹ̀yin lẹ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nígbà tí ibà dá mi gúnlẹ̀. Nígbà tẹ́ ẹ dùbúlẹ̀ àìsàn, mo fẹ́ bi yín. Mo rí bẹ́ ẹ ṣe ń mí, mo pa á mọ́ra. Lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n pín àwọn agolo kéèkì yín láàárín àwọn ọmọṣẹ́. Èyí tó tẹ̀ létí ló kàn mí.

Mo ń lò ó o. Nǹkan ló kàn le. Láti 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo, owó ọkọ̀ ẹrù láti Lọ́kọ́ja ti gorí ara wọn, fláwà àti bọ́tà sì tẹ̀ lé e. Kòkó ń so lóko wa ní Ìjùmú, ṣokoléètì Èkó ni mo ń rà. Nǹkan bí 34 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni bọ́tà inú kòkó máa ń yọ́, ooru ilé ìdáná mi sì ń sún mọ́ ọn. Iná ò sí. Yìnyín ni mo rà sínú kúlà, mo wé kéèkì ní náílọ́ọ̀nù kí omi má bàa kàn án. Owó oṣù bàbá àwọn ọmọ ò tíì wọlé, èmi náà ni mò ń wá owó iléèwé.

Obìnrin kan tó rí àwọn òròmọdìyẹ yẹn fẹ́ irú wọn fún ìparí táàmù, kíláàsì kan gbáko, ó sì ní kí n pe owó rẹ̀ fún òun kí ilẹ̀ tó ṣú. Ti kéèkì ńlá nìkan ni mo gbọ́ rí lẹ́nu yín. Èyí kéré lójú, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ju ti alájà mẹ́ta lọ. Tí mo bá pè é bí iṣẹ́ ibẹ̀ ṣe tó, á sá. Tí mo bá dín in, mi ò ní rí owó bọ́tà. Àǹtí, èló lẹ̀yin ì bá pè é?