Ẹ̀sùn lórí ègé kíndìnrín tí ẹ lọ̀ kúnná

Sí Olùdarí Yàrá Àyẹ̀wò,

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún rèé tí mò ń kàn sí yín lórí aláìsàn wa tó ń lo oògùn tí ń tẹ agbára ìdènà àrùn rì. Nọ́ńbà rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín.

Èsì yín ní ohunkóhun kò hù. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù jẹ́wọ́ pé ẹ lọ ègé náà kúnná kí ẹ tó gbìn ín, bẹ́ẹ̀ a kọ ọ́ gàdàgbà sórí fọ́ọ̀mù pé kí ẹ má lọ̀ ọ́. Mucorales, irú àwọn fọ́ńgọ́ọ̀sì kan, là ń fura sí. Okùn tín-ín-rín tó fi ń hù fẹ̀, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ní ògiri tó pín in nínú. Tí ẹ bá lọ̀ ọ́, ó fọ́, ó kú nìyẹn. Ṣe ni à ń gé e wẹ́wẹ́, ká tẹ̀ ẹ́ sórí Sabouraud agar (oúnjẹ tí a fi ń gbin fọ́ńgọ́ọ̀sì) tí kò ní cycloheximide, oògùn tó ń dá fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí dúró, ní 30 àti 37°C.

Mo wá béèrè ìgò kejì, èyí tó wà nínú fọ́málíìnì: ṣé ẹ ti fi GMS àti PAS, àwọn aró tí ń fi fọ́ńgọ́ọ̀sì hàn lábẹ́ maikirosikópù, kùn ún? Arábìnrin tó ń gba ẹ̀sùn dáhùn pé, "Ìtọ̀ rẹ̀ mọ́, kí lẹ tún ń wá?" Ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju àṣìṣe yín lọ. Àyẹ̀wò ìtọ̀ kì í sábà rí fọ́ńgọ́ọ̀sì yìí. Inú iṣan ẹ̀jẹ̀ ni fọ́ńgọ́ọ̀sì náà ń wọ̀, á dí i, apá ibẹ̀ á sì kú. CT ti fi hàn pé kíndìnrín náà wú, pé oògùn àwòrán kò dé àwọn ibì kan. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ Beta-D-glucan àti galactomannan tí ẹ tún ṣe láti wá fọ́ńgọ́ọ̀sì, méjèèjì kì í rí Mucorales.

Ẹ ṣèlérí pé ọ̀gá yóò pè láàárín wákàtí 24. Ọjọ́ 9 ti kọjá. Amphotericin B là ń fún aláìsàn náà, oògùn fọ́ńgọ́ọ̀sì tó lè ba kíndìnrín jẹ́ fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ Aspergillus, fọ́ńgọ́ọ̀sì mìíràn, ni, à bá yí oògùn náà sí voriconazole. Voriconazole kò sì ran Mucorales rárá.

Ẹ jọ̀wọ́, kó tó di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ẹ kó búlọ́ọ̀kù páráfíìnì tí ẹ fi ègé náà sí àti gbogbo siláìdì rẹ̀ fún wa. Ẹ fagi lé èsì náà, kí ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Kí ẹni tó mọ siláìdì kà pè mí. Láìṣe bẹ́ẹ̀, màá gbé e lọ síwájú àjọ tó fún yín níwèé àṣẹ, a ò sì ní fi ègé ara ẹnikẹ́ni ránṣẹ́ sí yín mọ́.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Dókítà ẹ̀ka kíndìnrín